Ìbéèrè tí Wọn Ò Bi Bàbá Mi

Òórùn bẹntiróòlù àti ewé yúkálípítọ́ọ̀sì ló máa ń gbé mi padà sínú ọgbà tí wọ́n ti ń dán awakọ̀ wò ní Jos, láyé ìjọba alágbádá, kí ṣọ́jà tó tún dé. Ọyẹ́ ti bẹ́ ètè mi. N kò lè jókòó. Mo ń jáde nínú Píjò bàbá mi, mo tún ń wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ lẹ́tà sí wọn níbẹ̀ pé kí wọ́n yẹ bàbá mi wò dáadáa kí wọ́n tó tún láísẹ́ńsì rẹ̀ ṣe, torí ó ti ń gbàgbé. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó gbé ọmọ mi ọdún mẹ́fà lọ sílé ìwé, ó ṣìnà, ó sì ń gbé e kiri àdúgbò Angwan Rukuba títí di ọ̀sán. Bí wọn ò bá dá a dúró, òun náà ni yóò tún gbé e lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Wo ohun tí wọ́n ṣe, ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin tó ń dán awakọ̀ wò, bàbá mi ló kọ́ ọ ní mọ́tò nílé iṣẹ́ ìwakùsà. Kò bá a jókòó nínú ọkọ̀. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó dúró lábẹ́ igi, ó ní kó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ àárín àgbá méjì. Bàbá mi ṣe é bí ẹni ń ki ọ̀bẹ bọ inú àkọ̀.

Ọkùnrin náà kí i ní Hausa: "Sannu, Bàbá! Ọwọ́ yín ṣì wà níbẹ̀ o!" Ó kọjú sí mi. "Haba, ìwọ tó lọ yunifásítì, ṣé o lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, fìlà rẹ̀ gún régé. N kò sọ ọ́. Ọkùnrin náà lu ìwé láísẹ́ńsì rẹ̀ ní òǹtẹ̀.

Nígbà tí à ń padà, bàbá mi kò ṣe àṣìṣe kankan, àfi pé ó wa ọkọ̀ kọjá ilé wa ní Hwolshe bí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí. Mo ń wò ó. Nígbà tó yá, ó páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Níbo là ń lọ?"

"Ilé ni, Bàbá."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárì pẹ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. "O mọ̀. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ lẹ́tà kẹta sí ọgbà ìdánwò náà, ojú ewé mẹ́rin, mo to àṣìṣe ọkùnrin tó dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, inú sì ń bí mi títí dòní. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ nípa bàbá mi, n kò sì bá òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.