A Jó Kí Ó Tó Lọ

Òórùn àkàrà ni mo fi máa ń mọ̀ pé ìsìn ò ní pẹ́ parí ní ìjọ wa ní College Park, nílùú òyìnbó níbí, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n á ti máa dín in ní kíṣìnnì ẹ̀yìn, òórùn rẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á bá wa lórí àdúrà. Bí bàálù bá fò kọjá lórí òrùlé, pásítọ̀ á dákẹ́ títí ariwo rẹ̀ á fi lọ, àwa náà á lo àyè yẹn láti wúkọ́. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí àwọn agbébọn gbógun ti ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, ní Òkè Ọya, àwa tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn nìkan la ráyè sá. Láti ìgbà náà, n kì í jókòó síbi tí n kò ti lè tètè jáde.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìjọba ń mú àwọn tí kò níwèé ìgbélùú káàkiri, àwọn kan ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyá Ìjọ wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn jọ láti sin ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pè sí ọ́fíìsì ìjọba, kí ó má bàa dá lọ. Ìyá Ìjọ á ní, "Àlejò ni Bíbélì ní ká tọ́jú. A ò lè ṣe é láti orí àga. Ẹ wọ mọ́tò." Èmi máa ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kì í tẹ̀ lé wọn. Bí mo bá rí aṣọ ìjọba, ọ̀nà àbáyọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Ìgbà tó yá, ó kan arákùnrin tó ń tẹ dùùrù fún wa, tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní kó wá sí ọ́fíìsì ìjọba náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo wa la mọ̀ pé èèyàn lè wọlé níbẹ̀ kó má jáde mọ́, ó sì níyàwó àti ọmọbìnrin kékeré kan. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, Ìyá Ìjọ dìde.

"Ọmọ mi, sọ̀kalẹ̀ nídìí dùùrù. Ìwọ àti ìyàwó ẹ, ẹ wá dúpẹ́."

Alàgbà kan ní, "Ìyá, ìdúpẹ́ kẹ̀? Ẹ jẹ́ kó lọ kó bọ̀ ná."

"Tó bá bọ̀, a óò tún jó. Àbí orúnkún ń dùn yín ni?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, ti Alàgbà ni mo ṣe. Ta ló ń jó nígbà tí ewu ò tíì kọjá?

Ẹnu ọ̀nà ni olùdúpẹ́ ti máa ń jó lọ sídìí pẹpẹ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ni wọ́n wá dúró sí. Ìgbà yẹn la tó rántí pé ẹni tó fẹ́ jó ni ẹni tó ń tẹ dùùrù. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n tẹ̀. La bá ń fẹnu kọrin, a ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ìyàwó rẹ̀ ò lè gbé ojú sókè. Ìyá Ìjọ na ọwọ́ sí mi.

"Àǹtí ẹnu ọ̀nà, ó yá."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n dúró síbí."

"Ilẹ̀kùn ò ní sá lọ."

Wọ́n fà mí dìde. Bí mo ṣe ń jó, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi ń dún ṣìnkìn ṣìnkìn pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Arákùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Àǹtí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yín mà dùn o!" Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a dé ìdí pẹpẹ ni mo tó mọ̀ pé mo ti kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Èmi ni mo wa mọ́tò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. A dé ọ́fíìsì náà. Arákùnrin wọlé, èmi, Ìyá Ìjọ àti ìyàwó rẹ̀ dúró síta. Àwọn aláṣọ ìjọba ń kọjá, mo sì ń wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin tí a fi jó, a bá a kùn ún, jẹ́ẹ́jẹ́. Ọ̀sán ti pọ́n kí ó tó jáde.

"Wọ́n ní kí n tún padà wá tó bá dìgbà ìrúwé."

"Ó dáa," ni Ìyá Ìjọ wí. "A ti mọ ọ̀nà."

Arákùnrin wo inú kúlà tí a kó oúnjẹ sí. "Ṣé àkàrà ṣì kù?"

Ìgbà ìrúwé náà ti ń sún mọ́lé báyìí, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ẹ̀yìn náà ni mo ṣì ń jókòó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ìdúpẹ́, èmi àti kọ́kọ́rọ́ mi la máa ń kọ́kọ́ dìde. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn ewu ni ayọ̀ máa ń wá. Ká ní mo dúró de ìgbà yẹn ni, n kò ní jó láéláé. Tí mo bá sì jó tán, tí mo yíjú padà, ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀.