Orúkọ Tí Mo Gbọ́ ní Ọdẹ́yalé

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo ti dé ibùdókọ̀ ní Mọ́kọ́lá, bọ́lẹ́kájà tó ń lọ sọ́nà Ìrókò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jẹ́ Ràímì, wo bàtà funfun ẹsẹ̀ mi, ó wo báàgì mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, iwájú ló yẹ yín. Ṣílè kan àti sísì ni. Ẹ̀yìn jẹ́ ṣílè kan, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wà níbẹ̀."

Mo ní, "Èmi àti ewúrẹ́ ò jà rí," mo sì gun ẹ̀yìn. Ta ni yóò fi sísì ra ìjókòó?

Kí n tètè sọ ohun tó gbé mi jáde ní ìdájí. Ìjọba kọ́ ilé agbẹ̀bí kékeré kan sí abúlé Ọdẹ́yalé, níwájú Ìrókò, kí òmìnira tó dé. Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni D. A. Fátókun, wá gbọ́ pé àwọn aboyún kì í lọ bímọ síbẹ̀, pé owó ìlú ń ṣòfò. Wọ́n ní kí n lọ wò ó bóyá ilé náà ṣe ará abúlé ní àǹfààní kankan. Bí kò bá ṣe é, wọn á tì í, wọn á sì kó oògùn àti agbẹ̀bí ibẹ̀ lọ síbòmíràn. "Iye ni mo fẹ́, Wúràọlá," ni wọ́n wí. "Ọmọ mélòó ni wọ́n bí, mélòó ló yè? Má gbé ìtàn bọ̀ wá bá mi." Ọ̀gbẹ́ni Fátókun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A ò tilẹ̀ mọ ohun tí D orúkọ wọn dúró fún. Dáníẹ́lì ni ọ̀pọ̀ wa gbà pé ó jẹ́, nítorí wọ́n máa ń jókòó láàárín wa bí ẹni tó wà nínú ihò kìnnìún.

Ṣáṣá ni ilẹ̀ ti mọ́ wa. Mo ra àkàrà kọ́bọ̀ méjì àti ẹ̀kọ kọ́bọ̀ kan. Àkàrà kọ́bọ̀ méjì ní Ìbàdàn kì í kún àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ti Ṣáṣá tó mi, ó tó ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì mí, ewúrẹ́ náà sì jẹ ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ. Ọkùnrin Hausa kan tó ń di àlùbọ́sà sínú àpò kí wa pé, "Sannu da zuwa," ìyẹn ni pé a káàbọ̀. Ràímì dá a lóhùn ní èdè rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Títì ọ̀dà kò jẹ́ kí ara dùn wá rárá, àfi ìgbà tí a yà sí ọ̀nà oko. Háà! Kòtò lórí kòtò, eruku lórí eruku. Nígbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀, gèlè mi tó jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run ti pupa bí epo. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìyókù.

Agbẹ̀bí ibẹ̀, Fẹlíṣíà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló jáde wá pàdé mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé náà ló ti wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ẹ wá tì í ni?"

Kí n tó dáhùn, aboyún kan dìde lórí bẹ́ǹṣì. Sàlámátù lorúkọ rẹ̀. Abúlé Látúnjí, lódì kejì odò, ló ti wọlé ọkọ. Ọmọ mẹ́ta tó bí níbẹ̀ kò dúró, ìdí nìyẹn tó fi padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọdẹ́yalé kí ó lè wà nítòsí Fẹlíṣíà. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í. Ẹ jẹ́ kí n bí èyí ná."

Mo ní ojú ni mo wá fi wò. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tó, èmi náà sì mọ̀ pé kò tó.

Wọ́n kó àwọn obìnrin jọ fún mi lábẹ́ igi máńgòrò. Mo béèrè ìbéèrè tí wọ́n rán mi. Ìyá àgbà kan wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé adìyẹ la kó wá tà fún ọ ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí. Èmi náà ò ṣàìmọ èèwọ̀ yẹn. Yorùbá ni mo jẹ́. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé, a ti ń ka ọmọ níwájú ọ̀gá ilé ìwé débi tí ó ti mọ́ wa lára. Mo tún bi wọ́n pé, ọmọ wọn ńkọ́? "A dúpẹ́." Ṣé wọ́n pọ̀? "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n dínkù." Mo ní, ṣé ilé agbẹ̀bí ni wọ́n ti ń bímọ? "Rárá o! Kí la fẹ́ wá lọ bímọ sí nílé onílé?"

Mo wo Fẹlíṣíà. Ó ní òótọ́ ni, òun ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn nílé wọn, òun ló ń fi abẹ tí òun ti sè gé ìwọ́ ọmọ, òun ló sì ń padà lọ wò wọ́n títí ìwọ́ á fi já. Látúnjí nìkan ni kẹ̀kẹ́ òun kò lè dé nítorí odò tó wà láàárín. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò kọ ọ̀kankan sínú ìwé, nítorí kò sí ẹni tó bímọ sílé náà, ọ̀gá mi kò sì rán mi ní ìgbàgbọ́.

Ibi tí a wà nìyí tí ojú ọ̀run ṣú dùdù lójijì. Gbogbo abúlé ló sá láfún sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, bí òjò bá sì pa á, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn obìnrin fò dìde, wọn ò rántí mi mọ́. Àwọn ọmọ ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ pè pé kí wọ́n gbé agbọ̀n wá.

"Málọmọ́ o! Dúrójayé! Kòkúmọ́, agbọ̀n dà? Bánjókòó, ṣé o di adití ni?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lé àwọn kéékèèké wọlé. "Abọ́sẹ̀dé, wọlé! Làtífù, òjò ń bọ̀! Àyọ̀ká! Táyé, fa Kẹ́hìndé lọ́wọ́!"

Èmi náà ń bá wọn kó láfún, ìyẹ̀fun ti kún gèlè mi, ni ọwọ́ mi bá dúró. Ẹni tó ti sin ọmọ ló ń sọ ọmọ ní Málọmọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ń sọ pé Bánjókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo orúkọ àwọn ńlá yẹn, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan lórí àwọn kéékèèké.

Mo pariwo, "Fẹlíṣíà! Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí láti ìgbà tí o ti dé ibí, ta ló ń jẹ́ Málọmọ́?"

Ó dúró sínú òjò, agbọ̀n ń bẹ lórí rẹ̀. "Kò sí, mà." Ó tún ronú. "Dúrójayé náà kò sí. Yéè! Kò sí o!"

Ìyá àgbà ọ̀sán yẹn ló gbà mí sílé. Ó fún mi ní iyán àti ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́, ó sì bínú nígbà tí mo na ọwọ́ sí pọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe ẹni tí ayọ̀ tètè ń tàn jẹ. Orúkọ lè yí padà lásán, bí aṣọ ìgbàlódé ṣe ń yí. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ká ìró mi sókè, mo la odò kọjá sí Látúnjí. Odò kan náà ni wọ́n ń mu, ẹ̀gẹ́ kan náà ni wọ́n ń gbìn, ẹbí sì ni wọ́n.

Mo bá obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gẹ́, ó pọn ọmọ. N kò béèrè iye. Mo kí i, mo ní, "Kí lorúkọ ọmọ wa?"

"Kòsọ́kọ́ ni, Nọ́ọ̀sì."

"Èyí tó di aṣọ yín mú ńkọ́?"

"Òun ni Málọmọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "A ti bẹ̀ wọ́n títí. Bóyá ti ẹ̀yìn mi yìí á gbọ́. Ṣé agbẹ̀bí Ọdẹ́yalé yẹn ò lè máa dé ọ̀dọ̀ wa náà ni?"

Ẹ̀rín rẹ̀ ló pa mí lẹ́kún. Mo yà sẹ́yìn igi ọ̀pẹ, mo nu ojú mi, kí n tó lè kí ilé tó kàn. Ibi gbogbo tí mo yà, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ lórí ọmọ ọwọ́.

Sàlámátù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ bí ikùn rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ó ní ìyá òun ti ní bí ó bá jẹ́ obìnrin, kí òun sọ ọ́ ní Málọmọ́, kí ọwọ́ má baà já sófo.

Mo ní, "Ìwọ alára ńkọ́?"

"Èmi? Ẹ̀yin ni mo ń wò, ẹ̀gbọ́n. Bí wọn ò bá tì í, mo ní orúkọ mìíràn nínú."

Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju báàgì mi lọ. Mo ń tún àwọn orúkọ náà pè lábẹ́ ẹnu títí dé Mọ́níyà.

Mo wọlé tọ Ọ̀gbẹ́ni Fátókun lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo ní, "Ọ̀gá, wọn kò ka ọmọ fún mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí wọ́n ń pè wọ́n." Mo wá ka orúkọ Ọdẹ́yalé, ti ńlá àti ti kékeré, mo sì ka ti Látúnjí tẹ̀ lé e. Wọn kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

"Mẹ́rin ni ìyá mi sin kí èmi tó dé," ni wọ́n wí. "Dúrósinmí ni D yẹn."

Wọ́n ní kí ilé Ọdẹ́yalé wà ní ṣíṣí, kí a sì wá ọ̀nà tí agbẹ̀bí yóò fi máa la odò lọ sí Látúnjí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn àjò náà ṣe rí, ẹ̀yin ará ilé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ìlú kan ṣe ènìyàn lóore, ẹ béèrè, kò burú. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ dúró kí òjò ṣú lórí láfún wọn, kí ẹ sì la etí sílẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ràímì gbé iṣu ńlá kan wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní ìyàwó Ọdẹ́yalé tó sìn mí dé ọ̀nà ọkọ̀ lọ́jọ́sí ló ní kí òun fún mi, pé ó ti bí obìnrin, àti ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà.

Mo ní, "Kí ni wọ́n sọ ọ́?"

Ràímì họ orí. "Ó ní kí n rí i pé mo pè é dáadáa. Morẹ́nikẹ́ ni."