Yìnyín Alàájì

Oṣù kẹrin ní Niamey kì í ṣe oṣù tó yẹ kéèyàn fi ṣe ìpinnu. Láti òwúrọ̀ ni ibùsùn ti ń gbóná. Omi inú àmù pàápàá á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú oṣù yẹn ni àbúrò ọkọ mi ń gbé yìnyín wá fún wa ní àdúgbò wa, Boukoki.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọkọ mi kú. Àbúrò rẹ̀ yìí, Alàájì tó ń ta aṣọ lọ́jà ńlá, tó ti níyàwó méjì, kì í ṣe èèyàn burúkú. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ló ń san owó ilé wa. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé yìnyín wá, ọmọbìnrin mi á gbé e lé iwájú orí, á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó sọ tẹnu rẹ̀: ó fẹ́ ṣú mi lópó.

"Ìyàwó wa, wá sílé mi. Yàrá kan ṣófo, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, máa lọ, mi ò ní dá ọ dúró."

"Ẹ ṣeun, Alàájì. Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

Nínú ìjọ wa, obìnrin tó bá lọ ṣe ìyàwó kẹta lè máa wá kọrin, ṣùgbọ́n tí àwo Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ré e kọjá ni. Búrẹ́dì tí kò ju èékánná lọ, omi ìṣápá tí a ń lò dípò wáìnì: ṣé torí ìyẹn ni n ó ṣe kọ ilé tútù? Wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Òótọ́ ni, àmọ́ oòrùn ọjà ló ń pa mí yìí! Mo bínú sí Ọlọ́run. Mo bínú sí ọkọ mi tó fi mí sílẹ̀.

Ìyàwó àgbà Alàájì fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ mí. "Ṣé o rò pé mi ò jowú ni? Mo jowú. Àmọ́ wo bí o ṣe gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá. Wá jàre!" Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Ó rẹ̀ mí débi pé mo ti ń ká aṣọ wa. Ìgbà tí mo kan ẹ̀wù funfun tí ọkọ mi máa ń wọ̀ lọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni ọwọ́ mi dúró. Mo jókòó tì í títí Alàájì fi dé.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi," ni mo wí fún un. "Mi ò lè ṣe é."

"Torí búrẹ́dì?"

"Torí Ẹni tó fún wa jẹ ni."

Kò bú mi. Ó kàn gbé yìnyín ọjọ́ náà kalẹ̀, ó lọ. Kò gbé òmíràn wá mọ́, kò sì sanwó ilé mọ́. A kó lọ sí yàrá kan ṣoṣo lábẹ́ páànù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi bi mí pé, "Mama, yìnyín ńkọ́?" Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwo dé ọ̀dọ̀ mi, kò ré mi kọjá. Omi ìṣápá inú ife kékeré náà gbóná bí ọbẹ̀. Mo mu ún tán, mo lá ètè mi.