Oníbàárà Tí Kì í Ná Ọjà

Ṣùkúrátù kò bẹ̀rù omi rí. Etí ọ̀sà lẹ́yìn Ajah ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń yan ẹja títí ewú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀. Ènìyàn ló padà wá kọ́ ọ ní ẹ̀rù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, ó ń koná sábẹ́ ààrò ẹja nígbà tó rí ọkọ̀ ńlá ilé iṣẹ́ kan tó ń fa yanrìn nínú ọ̀sà. Eré burúkú ló ń bá bọ̀. Àṣírù, apẹja àdúgbò wọn, wà nínú ọkọ̀ àjẹ̀ rẹ̀, ó ń ká àwọ̀n. Ó gbé àjẹ̀ sókè, ó ń fì í, ó ń pariwo. Ọkọ̀ ńlá náà kò yà. Ó gun orí rẹ̀ kọjá, wọn ò tilẹ̀ dúró wẹ̀yìn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú Àṣírù láàárín òṣíbàtà.

Ilé iṣẹ́ náà ní ìjì ló dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé. Waliyat, ìyàwó olóògbé, gba kọ́ọ̀tù lọ, ṣùgbọ́n nínú gbogbo abúlé, Ṣùkúrátù nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Lọ́yà Waliyat sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní kọ́ọ̀tù, pé ògbufọ̀ á wà. Ìyẹn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní etí ara òun lòun fẹ́ fi gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ nípa òkú náà. Bó ṣe di pé ó ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Jakande Estate, ní Ilasan, nìyẹn, níbi tí tíṣà kan tó ń jẹ́ Olúwatómisìn ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́.

Àsìkò náà ni oníbàárà tuntun kan yọjú. Gbádégẹṣin lorúkọ rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó sọ ohun tó bá wá. Ó ní ilé oúnjẹ kan ní Oníru lòun ń ra ẹja fún. Iye tí Ṣùkúrátù bá pè ló ń san, kò ná an rí. Gbogbo agbọ̀n ló máa ń kó lọ, títí kan àwọn ẹja tí iná ti jó nídìí. Ṣùkúrátù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ti ń pè é ní ọmọ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, Olúwatómisìn kọ "buy off" sára pátákó.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ta ló lè fi èyí sínú gbólóhùn?"

Ṣùkúrátù nawọ́ kíá. "Buy" kò ṣàjèjì sí i. Ohun tó fi ń jẹun ni. Ó dìde, ó ní, "My customer buy off all my fish."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbìyànjú, Ìyá. Tó bá jẹ́ pé ó ra gbogbo ẹja yín tán ni, 'buy up' la máa sọ. 'Buy off' yàtọ̀. Kì í ṣe ọjà ni wọ́n ń rà níbẹ̀, ènìyàn ni. Wọ́n á fún ẹni lówó, tàbí kí wọ́n máa ṣe é lóore, kó lè pa ẹnu mọ́." Ó kọ àpẹẹrẹ sílẹ̀: "They bought off the witness." Ó sì túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n fi owó dí ẹlẹ́rìí lẹ́nu."

Ṣùkúrátù ò mọ ìgbà tó jókòó. Ilé oúnjẹ wo ní Oníru ló ń gbé ẹja jíjó síwájú oníbàárà? Ìgbà wo gan-an sì ni ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ wá? Ọ̀sẹ̀ tí lọ́yà fi orúkọ òun ránṣẹ́ sí kọ́ọ̀tù ni. Gbogbo ohun tí tíṣà sọ lẹ́yìn ìyẹn, kò wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tí Gbádégẹṣin tún dé, ó dọ̀bálẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

"Ọmọ mi," ni Ṣùkúrátù wí, "ta ló ń rán ẹ wá ra ẹja?"

Ẹ̀rín ò kúrò lójú rẹ̀. Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Ẹ̀yin náà ti mọ̀, Ìyá. Àwọn ọ̀gá mi fẹ́ràn yín. Wọ́n ní kí ẹ lọ sinmi díẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Tàbí kí ẹ kàn sọ pé eéfín wà lójú yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé ẹ ò ríran dáadáa."

"Bí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Àǹtí Àníọlá tètè jáde níbi iṣẹ́ lánàá. Aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn bá wọn lára mu. Ẹ bá mi kí wọn."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ. Kò ra ẹja kankan.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Ṣùkúrátù bí ni Àníọlá. Ó pè é lórí fóònù, ó ní kó má dá nìkan jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kadà bá dẹ eré lẹ́nu ọ̀nà, Ṣùkúrátù á sá wọ ẹ̀yìn ilé. Jíìpù dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lábẹ́ igi àgbọn, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé Waliyat lọ láti sọ fún un pé òun ò lè jẹ́rìí mọ́.

Waliyat wo ẹrù, ó ti mọ̀. "Mi ò lè bá yín jà, Ìyá. Wọ́n ti wá bá èmi náà. Wọ́n ní àwọn á kọ́lé fún mi."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní kí wọ́n kọ́ ọ sórí omi, níbi tí ọkọ mi kú sí."

Ṣùkúrátù ò lè sọ mọ́ pé òun ò ní jẹ́rìí. Ó gbé ẹrù náà lọ sílé Olúwatómisìn, ó ní kí Àníọlá wá bá òun níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì fara pamọ́ sí.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Gbádégẹṣin jókòó sí ìlà kejì, ó tẹrí ba fún Ṣùkúrátù. Ṣùkúrátù bọ́ sí ibi tí àwọn ẹlẹ́rìí ń dúró, ó di igi ibẹ̀ mú. Lọ́yà ilé iṣẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ eéfín. Kí ògbufọ̀ tó la ẹnu, Ṣùkúrátù ti gbọ́ ọ.

"Eéfín wà lójú mi," ló fi Yorùbá dáhùn. "Síbẹ̀ mo rí Àṣírù tó gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè, tó ń fì í. Àwọn tó wà lókè ọkọ̀ náà rí i. Ọ̀kan nínú wọn ń fọwọ́ lé e pé kó kúrò lọ́nà."

Kò wo ìlà kejì.

Ẹjọ́ náà pẹ́, ṣùgbọ́n Waliyat ló jàre. Ẹni tó wa ọkọ̀ ńlá náà lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ò lọ síbì kankan. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn kan fọ́ ààrò Ṣùkúrátù túútúú, wọ́n sì da yanrìn sórí rẹ̀. Kò padà sétí ọ̀sà mọ́. Àníọlá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ gba yàrá kan ní Ilasan. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Waliyat a máa gbé ẹja tútù wá kí wọn. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́ sí i, wọ́n á tún fi àga tì í lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bu òkèlè.