Ilẹ̀ Pẹrẹsẹ Ilé Màmá

Ojú Màmá ti fọ́ kí Adéfúnkẹ́ ọmọ rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ríran. Nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sí Ìyìn-Èkìtì, ẹnikẹ́ni kì í fà á lọ́wọ́. Ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán, ẹnu yàrá nìyẹn. Ibi tó ti jẹ kòtò, ó ti dé ilé ìdáná. Láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n sin Bàbá sí, ilẹ̀ ga díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan etí ibẹ̀ láàárọ̀, á dúró.

"Bàbá Fúnkẹ́, ẹ kú àárọ̀ o. Ilẹ̀ mọ́ bá wa."

Lẹ́yìn náà ni yóò tó wá omi mu.

Ibẹ̀ gan-an ló kọsẹ̀ sí lọ́dún tó kọjá, tí apá rẹ̀ kán. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú Adéfúnkẹ́. Bí ìyá bá tún ṣubú ńkọ́? Ó pinnu pé òun yóò tún ilẹ̀ ilé náà ṣe, kí ìyá lè máa dá rìn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Ó gbààwẹ̀ sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní ìyá kan ṣoṣo kò lè fojú kékeré wo ohun tí ìyá ń tẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Ọládipúpọ̀, pè láti Èkó pé kí wọ́n lẹ taìlì tó ń dán. Jùbrílù, bíríkìlà kan tí Adéfúnkẹ́ pè wá láti Òkè-Ìlá ní Adó, bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́.

"Taìlì kẹ̀, Mà? Bí omi bá kán sí i, á máa yọ̀, àfi kí Màmá máa tọ bí ọ̀pọ̀lọ́."

"Rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn? Kò ní pẹ́ ká létí. Ẹ ó wá máa dáná sun ún lẹ́yìnkùlé, èéfín á kó sí gbogbo àdúgbò nímú. Pákó dáa, ṣùgbọ́n igi mélòó ló kù nínú igbó wa? Ẹ jẹ́ ká fi bíríkì amọ̀ ṣe é. Ilẹ̀ wa ló ti wá. Kì í yọ̀, kì í móoru, ọmọ-ọmọ yín á bá a ńbẹ̀."

Adéfúnkẹ́ tún gbàdúrà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó mú ìyá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Adó kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀.

"Ojú oórì Bàbá ńkọ́, Mà?" Jùbrílù bi í lórí fóònù.

"Wó o, kó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ló fẹ́ pa ìyá mi. Bàbá wà lọ́run, kò sí lábẹ́ sìmẹ́ǹtì."

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe sọ ọ́.

Ilẹ̀ náà dára, ó pupa, ó tutù. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà, ìyá bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó dúró.

"Ta ló ni ulé yìí?"

"Ilé yín ni, Màmá."

"Lọ tan ẹlòmíràn. Ulé mi kọ́ nìyí." Ó ń fi ẹsẹ̀ ra ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. "Fúnkẹ́, ibo lẹ gbé bàbá rẹ sí?"

Adéfúnkẹ́ ké sí Jùbrílù kíákíá pé kó gbé ibẹ̀ ga padà. Wọ́n ti fọ́ ojú oórì náà, wọ́n ti fi kún ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tuntun. Jùbrílù kàn fojú díwọ̀n ibi tó wà ni, ó sì gbé ibẹ̀ ga. Ìyá fi ẹsẹ̀ kàn án, ó fi yí i ká, ó sì mi orí.

"Ọkọ mi kò sùn síbí. Ẹ ti sọ ọ́ nù."

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Jùbrílù wí, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Ìwọ kọ́ lo bí mi nínú, ọmọ mi. Ẹni tó bí mi nínú ló rán ọ níṣẹ́."

Láti ọjọ́ náà, ìyá kò rìn mọ́. Ilẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó ṣubú, kò tẹ̀ ẹ́. Pásítọ̀ wá kí wọn, ó ní kí wọ́n dúpẹ́ pé eegun kan kò tún ṣẹ́ mọ́. Adéfúnkẹ́ ṣe àmín. Nígbà tó sìn ín sọ́nà tán, ó wọ ilé ìdáná, ó tilẹ̀kùn.

"Olúwa, Ìwọ ni mo bi léèrè. Ṣé Ìwọ lo dá mi lóhùn ni, àbí èmi ni mo dá ara mi lóhùn?"

Ó bu omi gbígbóná sí báàfù, ó sì lọ gbé ìyá rẹ̀ lọ wẹ̀. Ìyá náà ti fúyẹ́.