Ilé Tó Fẹ́ẹ̀ Pa Bọ́lá

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni mí ní Turin nígbà náà, n kò tíì ríṣẹ́ tó gbé mi wá sí Brescia. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé lẹ́yìn wa máa ń sọ fún mi pé ẹ gbọ́ pé a bá onílé jà, a sì borí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an.

Barriera di Milano, àdúgbò kan ní Turin níbẹ̀, là ń gbé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan tá a jọ ti Nàìjíríà wá. Ará Ítálì ló ni ilé náà, ṣùgbọ́n Bàbá Tóbi, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló ń bá a bójú tó o. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sì í kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé bá wa.

Ní ìgbà òtútù ọdún yẹn, ilé náà kò móoru mọ́. Caldaia, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú ilé móoru, tó sì ń gbé omi gbígbóná wá, wà nínú ilé ìwẹ̀, ògiri òkè rẹ̀ sì ti dúdú. Gbogbo ìgbà tí Bàbá Tóbi bá wá ni Bọ́lá, ọ̀kan lára wa, ń fi hàn wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa sọ fún onílé kó wá tún un ṣe."

"Mo ti sọ fún un. Ẹ ní sùúrù. Ṣé ẹ mọ bí àwọn tó ń wá ilé ṣe pọ̀ tó?"

Fẹ́mi, tí yàrá rẹ̀ kángun sí ilé ìwẹ̀, kò lè fara da òtútù mọ́. Ó fi aṣọ dí ihò tó wà lára ògiri níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé ihò yẹn ni èéfín caldaia ń gbà jáde kúrò lára wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Bọ́lá wọlé lọ wẹ̀. A ń gbọ́ tí omi ń dà, kò dáwọ́ dúró. Mo pè é títí, kò dáhùn. Fẹ́mi fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ la ti bá a, kò mira.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn panápaná wá pa gáàsì náà, wọ́n fa aṣọ yẹn jáde, ọ̀gá wọn sì sọ fún wa pé kò yẹ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé ìwẹ̀ rárá, pé ó ti bàjẹ́ tipẹ́, aṣọ wa ló wá sé èéfín rẹ̀ mọ́lé.

A gbé pátákó, a lọ dúró síwájú ọ́fíìsì onílé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ará Ítálì sì dara pọ̀ mọ́ wa. Fẹ́mi ní ká má dárúkọ aṣọ. Bọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù, ló kọ̀.

"A dí ihò. Ká sọ ọ́. Kí onílé náà sọ tirẹ̀."

Bàbá Tóbi wá bá wa níbẹ̀. Wọn ò wo Bọ́lá lójú.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n má gba aláwọ̀ dúdú sílé mọ́ ládùúgbò yìí ni?"

"Bàbá, mo fẹ́ẹ̀ kú," Bọ́lá dá wọn lóhùn.

"A dúpẹ́ pé o ò kú. Ẹ máa lọ sílé."

Nígbà tó yá, onílé ní òun yóò ra caldaia tuntun, òun yóò gbé e kúrò nínú ilé ìwẹ̀, bí a bá lè fọwọ́ sí ìwé pé àwa ayálégbé la fa ìjàǹbá náà. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i kò ní rí ilé gbé mọ́. Permesso Fẹ́mi, ìwé àṣẹ tó fi ń gbé Ítálì, ti fẹ́ parí, kò sì lè tún un gbà láìní àdírẹ́sì. Ó fọwọ́ sí i. Ó ń sunkún bó ṣe ń ṣe é. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Èmi àti Bọ́lá kó ẹrù wa.

Ẹ̀rọ tuntun wà níbẹ̀ lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbébẹ̀ ń wẹ̀, wọ́n ń jáde láyọ̀. Ìyẹn la jèrè, n kò ní fojú kéré rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ilé tí kò ní pa yín, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà, ẹ má fọwọ́ kan ohun tẹ́ ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ béèrè. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ fúnra yín, kí ẹlòmíràn má baà fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bọ́lá kò lè kàwé pẹ́ mọ́, orí á máa fọ́ ọ, ohun tó bá kà kì í dúró. Ó fi yunifásítì sílẹ̀, ó padà sí Ìbàdàn. Bàbá Tóbi ṣì ń bá onílé yẹn mú ayálégbé wá. Kò sẹ́ni tó bẹ Bọ́lá rí, àtonílé àti àwa tá a jọ gbélé.

Nígbà tá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù, ó bi mí pé, "Ṣé ohun tó ṣì wà nínú ìwé wọn ni pé èmi ni mo fẹ́ẹ̀ pa ara mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.