Ọ̀nà Àbọ̀ Yídì

Nọ́ọ̀sì fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá kò ká mi. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó tóbi wá.” Nígbà tí afẹ́fẹ́ ń jáde nínú rẹ̀, fíìì, ó dún bí èémí ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Iléyá kan.

Ìyá mi sanra. Ní Ṣakí, ìyìn ni wọ́n fi ń kí i: “Ìyá Rìsí, ẹ tún ti sanra sí i! Ayé mà yẹ yín o!” Èmi nìkan ni ojú ń tì. Bí a ṣe ń ti yídì bọ̀, ọ̀nà tó tẹ́jú tí a bá lọ ló fẹ́ gbà padà. Mo rí àwọn ọmọ kíláàsì mi níwájú. Mo yáa fa ìró rẹ̀.

“Màámi, ṣebí àfáà ní sùnnà ni ká gba ọ̀nà mìíràn bọ̀?”

Ọ̀nà kejì gun orí àpáta. Oòrùn mú ganrínganrín. Ó ń rìn, ó ń dúró, ó ń di igi káṣù mú, ó ń mí fíìì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bo okùn bàtà; mo rò pé bàtà tuntun ló fún un. Ọkàn rẹ̀ ni sísanra náà ti ń wọ̀ lọ́rùn láti ìgbà yẹn, a ò sì mọ̀ títí ó fi wá kú.

Lórí àpáta lọ́jọ́ náà, ó fi ìborùn nu ojú, ó fọwọ́ pa mí lórí.

“Ọmọ mi mọ sùnnà jù mí lọ. Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san.”

Mo ní, “Àmín.”